Ohùn Àárín

Ọgbọ̀n lárì ló wà lọ́wọ́ mi,
pẹ̀lú owó ẹyọ mẹ́rin tí mo ṣà nínú àpò kóòtù òtútù.
Hẹ́dífóònù ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Gocha, irínwó lárì ni.
Mo wò ó. Ó wò mí.
Mo kí i bí ẹni kí ìyàwó olówó, mo kọjá.

Tèmi tó wà nílé ti dàgbà ju ológbò wa lọ.
Awọ rẹ̀ ń bó sí mi lọ́rùn bí èèpo àlùbọ́sà,
kọ̀ǹpútà tí mo kì í bọ̀ sì ń kùn, hùn-ùn, hùn-ùn,
bíi pé agbo oyin kan ti háyà yàrá nínú rẹ̀.
Mo mi máúsì, ó ta pàrà.
Mo ṣí lẹ́tà, ó ta pàrà.
Orin wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lọ́hùn-ún,
bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò Rioni
nígbà tí yìnyín yọ́ tí omi kún.

Nukri, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ afárá ní Kutaisi,
kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má ra etí tuntun, Bàbá Badri.
Kànga ló dọ̀tí, kì í ṣe ife."
Ó ní ihò iwájú àpótí tí mo ń kì wáyà bọ̀,
ẹ̀bá fáànù àti iná ló ń gbà kọjá,
gbogbo ariwo ojú ọ̀nà ló ń bá a wọlé.
Kí n kì í bọ ihò ẹ̀yìn.
Mo kì í bọ ihò ẹ̀yìn.
Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ìdajì oyin kó ẹrù lọ.

Ó wá ta nǹkan kékeré kan fún mi, kò ju eyín ẹṣin lọ,
tí a ń kì bọ ojú yù-ẹ́sì-bí. Lárì méjìdínlógún.
"Ẹ jẹ́ kí orin jáde nílé aláriwo," ó ní,
"kó tó di ohùn."

Fóòmù, lárì mẹ́rin, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù.
Tsiala gé àrán lára àga ìyá rẹ̀ tó ti ṣẹ́,
ó rán an yíká.
Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì, ó bú mi lẹ́ẹ̀mẹta.
Ṣùgbọ́n nígbà tí àrán lẹ̀ mọ́ mi létí,
ohùn ìsàlẹ̀ tó ti ń sá lọ láti ọjọ́ yìí
padà wálé, ó jókòó.

Lóru, mo gbé orin wa sí i,
èyí tí a gbà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, ọdún kẹsàn-án rèé.
Vazha lókè, èmi láàárín, Tengiz nísàlẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ pé Tengiz ló ba orin náà jẹ́.
Mo sọ ọ́ nídìí wáìnì, lójú àwọn ọmọ rẹ̀.
Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á bu sí ife mi.

Mo gbọ́ òwú àbẹ́là tó ń jó.
Mo gbọ́ bàtà ẹnìkan tó há ilẹ̀.
Mo gbọ́ bí Vazha ṣe fa èémí.
Ohùn Tengiz rèé, ó tẹ́jú bí ilẹ̀ pákó, kò mì.
Ní ẹsẹ kẹrin,
ohùn kan láàárín
wá ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀ nínú òkùnkùn.

Mo dá a padà. Mo tún wáyà tì.
Mo di ẹ̀bi ru àrán.
Mo dá a padà.

Èmi ni.

Lárì mẹ́jọ ló kù. Mo fi ọ̀kan pe Tengiz ní ọ̀gànjọ́.
Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó húkọ́.
"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo dúró sí."

Tsiala ní kí n wá sùn, àbí ó sọ nǹkan mìíràn.
Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mi ò gbọ́.
Àrán yẹn dára.